Àlímọ̀t Àti Ọjọ́bọ̀ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ Àlàájà Àlímọ̀t ní Òkè Àrin, níbi tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti iyọ̀ ní páálí-páálí, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn. Ilé wọn àti ilé mi kọjú síra ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀nà tó wà láàárín wa sì tóóró débi pé bí ó bá sín nínú yàrá rẹ̀, èmi ni mo máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wọlé ìyàwó, mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè mi, mò ń ka ìwé ìròyìn. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Nítorí pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ó sọ mí ní Akọ̀wé. Gbogbo àdúgbò gbà á lẹ́nu rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún mi, Christopher, di ohun tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan.

Orúkọ náà kò sì ṣì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí mo fi kúrò nílé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n mo kọ́ ara mi ní títún aago ṣe, mo kọ́ ara mi ní èdè Àgùdà tí bàbá bàbá mi sọ bọ̀ láti Bùràsíìlì, mo sì kọ́ ara mi ní Lárúbáwá láàárín àkókò òjò kan ṣoṣo. Lárúbáwá kan tó ń ta aṣọ nígbà náà béèrè lọ́wọ́ mi pé ní ìlú àwọn wo ni wọ́n ti bí mi. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa àgbàlagbà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́, mo mọ ohun tí mò ń wí.

Nígbà tí Àlímọ̀t wọ ilé yẹn, àwọn ọmọ ilé máa ń sùn dé orí àtẹ̀gùn ni. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fa omi nínú kànga, ìlà ni yóò tò. Díẹ̀díẹ̀, àwọn kan kó lọ sí Ìkòròdú, àwọn kan lọ sí Àjáh. Ikú mú ọkọ rẹ̀. Qaanitah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, gba Kánádà lọ, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Àwọn yàrá ìsàlẹ̀ di ibi tí àwọn oníṣòwò ń kó ẹrù pamọ́ sí, ó wá ku òun nìkan lókè. Bí ó bá ti Òkè Àrin dé ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn, màá gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn ìyẹn mi ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ohun kan wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Nílé àwọn òbí rẹ̀, ọmọbìnrin kì í lọ ilé ọkọ láìṣe wòlímọ̀. Yóò jókòó sáàárín àwọn àáfà pẹ̀lú aṣọ funfun, yóò ka Kùránì sókè, kí gbogbo ẹbí lè gbọ́ pé ó ti kà á délẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é. Òun kò lè kà, nítorí pé ìyá ìyá rẹ̀ máa ń gbé igbá ọjà lé e lórí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ ilé-kéwú. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, àáfà ló ń kà, òun ń gbè é lẹ́yìn bí ẹni ń gbe orin. Àwọn àlejò kò fura. Ìyá rẹ̀ mọ̀. Ìyá náà fi ìborùn bojú, àwọn èèyàn sì ń sọ pé ayọ̀ ló pa á lẹ́kún.

Ó sọ ọ̀rọ̀ ìborùn yìí fún mi lọ́jọ́ tí Qaanitah fi fóònù pè é pé òun yóò wálé lóṣù Kejìlá. Láti ọdún tí ọmọ náà ti lọ, kò tíì wálé rí.

"Bọ̀dá Akọ̀wé, mo fẹ́ ṣe wòlímọ̀."

"Ta lo fẹ́ fẹ́?"

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Wòlímọ̀ Kùránì ni mo wí. Mo fẹ́ kí Qaanitah jókòó tì mí, kí ó máa gbọ́ mi bí mo ṣe ń kà."

"Ìyàwó, o ti ń kan ọgọ́ta ọdún."

"Ṣé Kùránì ló sọ fún yín pé òun kì í gba arúgbó?"

Ó borí mi. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ilé-kéwú tó lọ kò jìnnà, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí tó wà ní igun ọ̀nà wa ni. Àáfà Ubaydullah ló ni ín. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Qaanitah ṣe wòlímọ̀ tiwọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, Àlímọ̀t gan-an ló se oúnjẹ tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, Ubaydullah ti hu irùngbọ̀n, ó ti ní ọmọ, ẹni tó se oúnjẹ fún un sì wá jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn ọmọ náà kì í gbà fún un. Bí ó bá ṣi ohùn gbé, wọn á ní, "Màmá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀," òun náà á ní, "Ó dáa, ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ tún un pè."

Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé-kéwú, láti inú àwọn súrà kúkúrú, kí wọ́n tó máa gòkè bọ̀ wá sí àwọn tó gùn. Wọ́n sì máa ń sinmi ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Jímọ̀. Bó ṣe wà láti ayé bàbá àwọn bàbá wọn nìyẹn. Bí Ọjọ́bọ̀ bá dé, ẹní á wà ní kíká, ariwo á dákẹ́ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Àlímọ̀t wo bí òun ṣe ń lọ, ó wo oṣù Kejìlá tó ń bọ̀, ó rí i pé Qaanitah yóò dé bá òun lágbede méjì ọ̀nà. Ó wá dá ọgbọ́n kan. Òǹtajà Òkè Àrin nìkan ló lè dá irú rẹ̀.

Ó wá àáfà mìíràn lọ sí ìhà Adéníji Adélé, Àáfà Fàtáì lórúkọ rẹ̀. Ó ní kí ó máa kọ́ òun ní Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀, àmọ́ kì í ṣe láti ẹ̀yìn. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, láti inú Bákárà tó gùn jù lọ. Kò sọ fún Fàtáì pé òun ní àáfà mìíràn, kò sì sọ fún Ubaydullah.

"Èyí á máa bọ̀ láti ẹ̀yìn, èyí á máa bọ̀ láti iwájú," ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi, "títí wọ́n á fi pàdé láàárín. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe bíríìjì?"

Ọwọ́ èmi ló ti béèrè bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ bíríìjì tó wọ Èkó, àwọn ẹnjíníà òyìnbó kì í ri òpó kan láìjẹ́ pé wọ́n wo ojú mi. Mo dúró létí omi níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mo bá mi orí, wọ́n á fà á tu.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é," mo dá a lóhùn. "Àmọ́ ìyàwó, irin ni wọ́n fi ń ṣe bíríìjì. Kì í rẹ irin."

"Èmi náà, kò rẹ̀ mí."

Lóòótọ́, kò rẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Ó ń kà kí ó tó lọ Òkè Àrin, ó ń kà lẹ́yìn páálí mílíìkì nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń kà bí ó bá ti ilé-kéwú dé. Ilé tó ti dákẹ́ tipẹ́ wá ní ohùn. Ohùn náà ń gba ojú fèrèsé jáde, ó ń bọ́ sọ́dọ̀ mi. Àwọn ẹyẹlé tó wà lórí páànù wa kò fò mọ́, wọ́n ń jókòó gbọ́ ọ. Mo pa rédíò mi ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní kí n sọ ìdí rẹ̀. Mo ṣáà pa á.

Nígbà tí òjò ń parí lọ, mo rí i pé nǹkan ti ń yí padà. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ há. Ó ń jẹ orógbó, ó ń pọ́n atalẹ̀ lá. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń sun oorun lórí páálí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Oníbàárà kan béèrè ṣúgà, ó di iyọ̀ fún un, onítọ̀hún gbé e dé Ẹ̀pẹ́ kí ó tó mọ̀. Bákárà àti àwọn súrà ẹ̀yìn ń gbá ara wọn mú nínú orí rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀kan, yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú èkejì. Fàtáì rò pé kò fọkàn sí i. Ubaydullah rò pé ara rẹ̀ kò yá. Nínú ilé náà, kò sí ẹni tí yóò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ó tó, wá jẹun." Ẹni tó bá ní èèyàn nílé, ìdíwọ́ àwọn èèyàn náà ni ìsinmi rẹ̀. Òun kò ní olùdíwọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó dúró lójú ọ̀nà, ó gbójú sókè sí mi.

"Ó ti ń sú mi, Bọ̀dá."

"Ọjà?"

"Kéwú. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti kékeré. Bí mo bá rí ìwé náà báyìí, ara mi á bù máṣọ. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí."

Mo ní kí ó gòkè wá. Ó ní òun kò ní àyè, Ọjọ́bọ̀ ni, Fàtáì ń dúró de òun. Ó lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ó fi sáré la ọ̀nà kọjá sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, láìwọ bàtà, tòun ti ìborùn tó fi ń kírun. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bọ̀dá, Fátíhà ti lọ."

"Lọ síbo?"

"Mo dúró lórí ẹní, mo gbọ́wọ́ sókè, mi ò rí i. Mo wá a, mo wá a. Ohun tí mo ti mọ̀ kí n tó mọ orúkọ ara mi, Bọ̀dá Akọ̀wé. Ìyá mi ló kọ́ mi nígbà tó ń pọ̀n mí."

Èmi mọ Fátíhà dáadáa, súrà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìrun. Ta ni wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò mọ̀ ọ́n, tí kò sì mọ orin Kérésìmesì, yálà ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé rẹ̀ ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí? Ó kù díẹ̀ kí n kà á fún un. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé kò yẹ kó jẹ́ láti ẹnu mi ni yóò ti tún un gbà. Omi ni mo bù fún un. Ó mu ún, ó sì sùn sórí ilẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọdé. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo dé fìlà mi, mo tẹ̀lé e lọ bá Ubaydullah. Ó sọ ohun gbogbo fún un, tòun ti ti Fàtáì. Mo ti múra sílẹ̀ pé bí ọmọ náà bá bínú, màá fi Lárúbáwá bá a wí. Kò bínú.

"Ìyá wa, ta lẹ gbé Ọjọ́bọ̀ yín fún?"

"Mo ti sọ fún yín, Àáfà. Mo rò pé nítorí àwọn ọmọdé lẹ ṣe ń sinmi, kí wọ́n lè ṣeré."

"Àwọn ọmọdé ń ṣeré, àmọ́ ìwé náà ń jókòó. Ohun tí a kà láti Àbámẹ́ta títí dé Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ ló ń rí ibi jókòó sí nínú orí. Ẹ̀yin kò jẹ́ kó jókòó. Ẹ ń kó tuntun lé e lórí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí ẹ bá to páálí mílíìkì kan òrùlé, èwo ló ń kọ́kọ́ fọ́?"

"Ti ìsàlẹ̀ pátápátá."

"Fátíhà nìyẹn."

Ó ní kí ó lọ sinmi, kí ó má ṣe fọwọ́ kan ìwé títí oṣù yóò fi lé, ìrun rẹ̀ nìkan ni kí ó máa kí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó padà wá, díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ṣoṣo, yálà òun tàbí Fàtáì.

"Qaanitah ń bọ̀ lóṣù Kejìlá," Àlímọ̀t wí.

"Ẹ kò ní tíì kà á tán."

"Mo mọ̀."

Ubaydullah fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe é, mo rí i. "A lè ṣe wòlímọ̀ náà lóṣù Kejìlá, bí ẹ bá fẹ́. Èmi á máa kà, ẹ̀yin á máa gbè é. Àgbàlagbà ni yín, kò sẹ́ni tí yóò bi yín."

Obìnrin náà dìde, ó kí i pé ó dàbọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó ní kí n dúró, ó pe Qaanitah lórí fóònù níbẹ̀, lójú ọ̀nà. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí Ubaydullah máa kà á fún yín. Ta ló máa mọ̀?"

"Màmá mi mọ̀ lọ́jọ́sí."

"Mọ́mì, bí mo bá wá báyìí, kò dájú pé wọ́n á tún fún mi láyè láìpẹ́. Mi ò lè ṣèlérí pé màá wà níbẹ̀ bí ẹ bá sún un síwájú."

"Mo gbọ́. Wá bẹ̀ mí wò. A ò ṣe wòlímọ̀ lọ́dún yìí."

Ó pa fóònù náà, ó nu ún mọ́ ìborùn rẹ̀, ó wọlé. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Qaanitah wálé lóṣù Kejìlá lóòótọ́. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Lẹ́kí gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìsinmi náà. Àwọn ọjọ́ díẹ̀ tó sùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé yẹn. Ó kí mi, ó mú ṣokoléètì wá fún mi, ó ní òun kò rí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ayé tó mi ní gbogbo Kánádà. Lẹ́yìn náà ó lọ, ó ku ìyá rẹ̀ àti ilé.

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fi àgbà kọ́ ẹ̀kọ́. Kò ṣòro fún Àlímọ̀t láti padà sórí ẹní Ubaydullah, díẹ̀díẹ̀, bí àáfà rẹ̀ ṣe wí. Fátíhà tilẹ̀ ti fúnra rẹ̀ padà wá, ní òwúrọ̀ kan, nígbà tó ń fọ abọ́. Ọjọ́bọ̀ ló ṣòro. Láti Àbámẹ́ta títí dé Ọjọ́rú, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn wà nínú ilé. Bí Ọjọ́bọ̀ bá dé, ìwé á wà ní pípadé, ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ti ẹnu rẹ̀: yàrá tí kò sí ẹni tó ń sùn níbẹ̀, ibùsùn ọkọ, àga tí ọmọ jókòó sí lóṣù Kejìlá. Kò fi ojú kan èyí nígbà tó ń sáré. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi ń sáré.

Ní Ọjọ́bọ̀ kìíní, ó gbálẹ̀ ilé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní èkejì, ó tún un gbá. Ní ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mi.

"Bọ̀dá Akọ̀wé, kí lẹ máa ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀?"

"Èmi? Èmi ò ní Ọjọ́bọ̀. Àlejò mi pọ̀ jù. Ọ̀kan kì í tíì jáde tí èkejì fi ń kanlẹ̀kùn."

Àga kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, mo ti kó ìwé ìròyìn jọ sórí rẹ̀ gègèrè. Ó kó àwọn ìwé náà, ó gbọn eruku wọn, ó tò wọ́n sílẹ̀, ó jókòó. Èmi sọ̀rọ̀ títí, nípa àwọn ẹnjíníà, nípa aago ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kò sí ẹlòmíràn tó lè tún un ṣe. Òun ń wo ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásárì, ó dìde.

"Ó ti tó," ó ní. "Ọjọ́bọ̀ ti ń lọ."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ti tún kó ìwé ìròyìn sórí àga náà. Ó tún kó wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é.

Ó kà á délẹ̀ lọ́dún kejì, lẹ́yìn ọdún Iléyá. Wọ́n ta àtíbàbà sí iwájú mọ́ṣáláṣí. Àwọn ọmọdé wọ funfun, òun náà wọ funfun, ó jókòó láàárín wọn bí àgbà ẹyẹ láàárín àwọn òròmọ. Bí ó bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan láti kà, àáfà á pe ẹbí rẹ̀ síwájú, wọ́n á jókòó yí i ká. Wọ́n ń rọ́ lọ síwájú fún àwọn ọmọ náà, ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n, tòun ti fóònù tí wọ́n fi ń ya fọ́tò. Àwọn àbúrò ọkọ Àlímọ̀t ti ránṣẹ́ pé Ìkòròdú jìnnà. Qaanitah wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé fóònù kan sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ojú ọmọ náà ń hàn nínú rẹ̀.

"Ẹbí Àlàájà Àlímọ̀t," Ubaydullah wí, "ẹ bọ́ síwájú."

Kò sí ẹni tó dìde. Àwọn èèyàn ń wo ẹ̀yìn, wọ́n ń wo ara wọn. Èmi Christopher, alàgbà ìjọ, mo dìde pẹ̀lú ọ̀pá mi. Mo gbé fóònù náà kúrò lórí àga, mo jókòó, mo gbé e dání kí Qaanitah lè máa wo ìyá rẹ̀.

Ó kà. Òun nìkan ló kà, kò sí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un kó tó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kò sáré, ó ń sinmi níbi tó yẹ kó sinmi. Mo lè búra pé àwọn ọkọ̀ ojú omi dúró lórí ọ̀sà. Kò tíì kà á dé ìdajì tí ojú Qaanitah fi dúró gbagidi nínú fóònù, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dúdú. Mi ò gbé e sílẹ̀. Mo gbé e dání bẹ́ẹ̀ títí ó fi kà á tán.

A jọ padà sílé. Lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Mo rí i pé fóònù yẹn ti kú, Bọ̀dá."

"Ìgbà wo lo rí i?"

"Ìgbà tó kú. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e dání."

Ó gòkè lọ. Lọ́jọ́ kejì, àáfà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, ìtumọ̀ ohun tó kà. Ó ní ìyẹn á gba ọdún púpọ̀, òun kò sì kánjú mọ́.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mi. Ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kó ìwé ìròyìn kúrò lórí àga, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó wò mí. Èmi ń wo ọ̀nà. Ó jókòó.